Iyàn Bọ́ọ̀lù ní Fate

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Fate, ní Ìlọrin, ariwo ojú títì á yí padà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà kò dẹ́kun, àwọn tó ń lọ sí ìhà Tanke kò sì dín kù, ṣùgbọ́n ariwo mìíràn á gorí tiwọn: ti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwòran bọ́ọ̀lù. Òmíràn wọ jẹ́sì Arsenal tó ti ṣá, òmíràn wọ ti Barcelona tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí, ṣòkòtò ilé-ìwé sì tún wà nídìí ẹlòmíràn nínú wọn. Iyàn ni wọ́n ń jà bọ̀. Ọ̀kan ní òfúsáìdì ni gólì kejì yẹn. Èkejì ní irọ́ ni, ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn kò tíì kúrò lórí ìlà. Ẹ̀kẹta ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní tirẹ̀, ó ti fi igi fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀, ó to òkúta mẹ́rin fún àwọn adènà, ó fi ìdérí ìgò ṣe bọ́ọ̀lù. "Ibí ló wà nígbà tí wọ́n gbá a. Ẹ wò ó o, kí ẹ má baà ní mo parọ́." Wọ́n á tò ó, wọ́n á tún un tò, títí ẹnì kan á fi gbà, tàbí títí ìyá ẹnì kan á fi pè é wọlé.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń ṣe yìí. Ẹni tó sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí kò gbà gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí kò fi gbà. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n tún ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe lójú ara wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó máa gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí nítorí pé ẹ̀gbọ́n kan ló sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ yìí kan náà á jókòó sí kíláàsì, tíṣà á kọ ọ́ sí pátákó pé afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, gbogbo wọn á sì dà á kọ sínú ìwé wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé, "Ta ló gbé e sórí òṣùwọ̀n?" Ọmọ tó ń bá rẹfirí orí tẹlifíṣọ̀n jiyàn lálẹ́ àná ti di aláìlẹ́nu.

Òun ló fà á tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn tíṣà kan tí ẹnì kan kì í sọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé ìròyìn: àwọn tó ti kíyè sí iyàn ojú títì yìí, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi mú un wọ kíláàsì láìpa á lójú ọ̀nà.

Lórí ìwé, eré ìdárayá àti sáyẹ́ǹsì kò jìnnà síra. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí àjọ NERDC tún ṣe, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2014, abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Basic Science and Technology, ni wọ́n kó sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀kọ́ ìdárayá òun ìlera sí. Ní Yunifásítì Ìlọrin, tí èrò rẹ̀ ń gba Tanke lọ tó ń gba Tanke bọ̀, ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀ka Human Kinetics Education jọ wà lábẹ́ Faculty of Education ni. Ṣùgbọ́n a lè jọ gbé inú ilé kan náà ká má kí ara wa. Tíṣà eré ìdárayá á mú fèrè, ó di orí pápá. Tíṣà sáyẹ́ǹsì á mú ṣọ́ọ̀kì, ó di iwájú pátákó.

Àwọn mìíràn ti gbìyànjú láti so méjèèjì pọ̀, wọ́n sì so wọ́n lódì. "Osimhen ra ọsàn mẹ́jọ, ó fún Lookman ní mẹ́ta, mélòó ló kù?" Ọmọ Fate kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé ọsàn ni wọ́n ń bi òun, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù lásán kò lè sọ ìṣirò di ìwádìí. Ó dìgbà tí ọmọ bá fẹ́ mọ ìdáhùn náà fúnra rẹ̀, tí ìdáhùn náà kò sì sí lẹ́nu tíṣà, bí kò ṣe nínú ohun tí àwọn méjèèjì lè jọ wọ̀n, kí wọ́n jọ kà, tàbí kí wọ́n jọ dán wò.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó sún mọ́ wa jù. Ní ọjọ́ 28, oṣù Okúdù 2025, Kwara United gba ife President Federation Cup fún ìgbà àkọ́kọ́, ní pápá Mobolaji Johnson ní Onikan, l'Ékòó. Ọ̀mì ni àwọn àti Abakaliki FC ta, pẹ́nárítì ló là wọ́n. Inú Ìlọrin dùn. Lẹ́yìn ayọ̀, iyàn dé: ṣé ọgbọ́n ni pẹ́nárítì ni, àbí orí?

Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn JSS 2 ní sáyẹ́ǹsì, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìhà Fate, gbọ́ iyàn yìí lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀. Ká ní ọ̀pọ̀ nínú wa ni, "Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ ṣí ìwé yín" là bá sọ. Òun kọ ọ́ sí igun pátákó, ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ó ní, "Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀?" Kíláàsì dákẹ́. Wọ́n rò pé ìbáwí ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọkùnrin kan tó nawọ́: "Ma, ẹ jẹ́ ká gbá a, ká máa kà á."

Wọ́n mú téèpù jáde. Ilé bọ́ọ̀lù fẹ̀ ní mítà 7.32, ó ga ní mítà 2.44, ibi tí wọ́n ti ń gbá pẹ́nárítì jìnnà sí i ní mítà 11. Igi máńgòrò ni òpó kan, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán ni òpó kejì. Kí wọ́n tó gbá ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n ti kọ́ nǹkan: ilé tó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan lórí tẹlifíṣọ̀n gbòòrò débi pé ọmọ tó dúró láàrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sọ́jà. Wọ́n fi fóònù tíṣà ká bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n ń wò ó díẹ̀díẹ̀. Ti ẹni tó lágbára jù nínú wọn lo nǹkan bí 0.8 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé ilé. Tíṣà ní kí wọ́n ṣírò ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń sá ní 100 kìlómítà láàrin wákàtí kan. Wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe, 0.4 ló ń bọ́ síbẹ̀.

Nígbà náà ni tíṣà mú rúlà wá. Ẹnì kan á di orí rúlà mú, ẹnì kejì á ya àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi òdo, láìfọwọ́ kàn án. Ẹni àkọ́kọ́ á jù ú sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹnì kejì á há a mọ́ ìka. Ibi tó bá ti há a ni wọ́n á kà. Bí rúlà bá já sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 kó tó há a, á jẹ́ pé ó gba ọmọ náà ní nǹkan bí 0.2 ìṣẹ́jú-àáyá láti rí i kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbọ́. Ọmọ tó ń fi orúkọ Nwabali, aṣọ́lé Super Eagles, pe ara rẹ̀ há a ní 22, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí agogo fi lù. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yé wọn láàrin ẹ̀rín yẹn. Nínú 0.4 tí bọ́ọ̀lù akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń lò, ìdajì ti lọ kí ara aṣọ́lé tó gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó wá ku 0.2 fún un láti fò dé ẹ̀gbẹ́ òpó, mítà 3.66 sí ibi tó dúró. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tí aṣọ́lé fi ń fò kí wọ́n tó gbá a tán, tí ẹni tó ń gbá a náà sì ń wo ìbàdí rẹ̀.

Mo rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ á parí sí. Wọn kò jẹ́. Wọ́n yan ọmọbìnrin kan láti máa kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀tún, òsì, àárín, bí àwọn ọmọkùnrin bá ń gbá pẹ́nárítì nígbà ìsinmi. Ó hàn nínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù ní apá kan tí wọ́n fẹ́ràn. Àwọn aṣọ́lé yá ìwé náà kà. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe gbọ́ pé wọ́n ń kọ tiwọn sílẹ̀ báyìí, wọ́n yí i padà, ìwé di asán. Inú bí ọmọbìnrin náà. Ó lọ fẹjọ́ sun tíṣà, tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i yẹn náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun kì í ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ìṣesí ènìyàn máa ń bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì títí di òní. Ọmọ JSS 2 kan ní Fate ti bá a pàdé lábẹ́ igi máńgòrò.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ló ní irú ìbéèrè yìí nínú. Ní ọjọ́ 24, oṣù Agẹmọ 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré ìfo-igi ti 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ó sì di ẹni tó tíì yá jù lágbàáyé nínú eré náà. Nígbà tó di àṣekágbá lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó sá a ní 12.06, èyí tó tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, 12.12 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Kí ló dé? Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀ ní mítà 2.5 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ òfin kò gbà ju mítà 2.0 lọ. Mo ti rí àgbàlagbà tó bínú sí òfin yìí bí ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀. Ọmọdé á bèèrè ohun mìíràn: kí ni afẹ́fẹ́ fi kàn án?

Èyí ṣeé dán wò láìná kọ́bọ̀. Ọmọ kan á di pátákó páálí ńlá mú sí àyà, á sá mítà 50. Á tún un sá láìmú un. Nígbà àkọ́kọ́ tí kíláàsì JSS 2 yẹn ṣe é, ìgbà tí ọmọ náà mú páálí ló yá jù. Kíláàsì dàrú. Ọmọ kan ló yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ara olùsáré náà ṣì le nígbà tó mú páálí, ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà tó sá a lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, wọ́n pín ara wọn sí méjì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páálí, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ láìsí i, wọ́n sì fún gbogbo wọn ní àyè láti mí. Kò sí ìwé kíkà tó lè mú kí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ mú ohun gbogbo dọ́gba àyàfi ohun kan nínú ìdánwò yé ọmọ tó báyìí. Ara ló ti gbọ́ ọ.

Eré Amusan yìí tún ní ìṣirò kan tó dùn mọ́ mi. Igi 10 ló wà lójú ọ̀nà. Láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ dé igi àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 13, láti igi sí igi jẹ́ 8.5, láti igi ìgbẹ̀yìn dé òpin jẹ́ 10.5. Ẹ fún kíláàsì, ọ̀pọ̀ á fi 8.5 lọ́po 10, wọ́n á ro 13 àti 10.5 mọ́ ọn, wọ́n á rí 108.5, wọ́n á sì jiyàn pé àwọn aláṣẹ eré ń tan àwọn olùsáré jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹnì kan á gbé ọwọ́ sókè láìpẹ́, á ya ìka márààrún, á sì kà á pé àlàfo mẹ́rin péré ló wà láàrin wọn. Igi 10, àlàfo 9. Ọgọ́rùn-ún ló bọ́ síbẹ̀ géérégé.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Irú èyí tó dúdú tó funfun, tí gbogbo ayé mọ̀ láti ìgbà ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti 1970 ní Mexico, awẹ́ 32 ni wọ́n fi ń rán an: onígun márùn-ún 12, onígun mẹ́fà 20. Ẹ ní kí ọmọ gé páálí onígun mẹ́fà nìkan kó fi rán bọ́ọ̀lù. Á tò ó, á tò ó, á sì máa tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀ bíi táìlì. Onígun márùn-ún ló ń mú un tẹ̀. Nígbà tó fi di 2010 ní South Africa, awẹ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ṣe bọ́ọ̀lù Jabulani, àwọn aṣọ́lé sì pariwo pé ó ń ya kiri lójú afẹ́fẹ́.

Yorùbá ni wọ́n fi ń ja iyàn bọ́ọ̀lù ní Fate, pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti yá tí a kò dá padà mọ́: pẹ́nárítì, kọ́nà, òfúsáìdì. Bí a bá ní kí ọmọ ja iyàn kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu rẹ̀ á kú. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. A ń yin iṣẹ́ yẹn láti ìgbà náà, a kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà tí mo ń sọ yìí rí ọgbọ́n kan dá sí i: Yorùbá ni wọ́n fi ń jiyàn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ohun tí wọ́n rí. Ìwé ìdánwò ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò dé.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń polongo irú ẹ̀kọ́ yìí sì máa ń gbàgbé. Àwọn ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti Arsenal, wọ́n á gbé orí lé tábìlì. Fún wọn, eré ten-ten wà: kíka bí ọkàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó ta á àti lẹ́yìn tí wọ́n ta á tán, àti bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó padà sí bó ṣe wà. Ayò wà, ọmọ ayò 48 nínú ihò 12, ìbéèrè inú rẹ̀ kò lópin. Chioma Ajunwa sì wà, tó fò ní mítà 7.12 ní Atlanta ní 1996, tó gba góòlù. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì mítà 7.12 sí ilẹ̀ kọ́rídọ̀. Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ rò pé ẹ ṣì í wọ̀n. Wọ́n á fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n á fò, wọ́n á tún fò.

Kò rọrùn o. Kíláàsì kún, ariwo ń dé ọ́fíìsì ọ̀gá, síkíìmù kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀sẹ̀ kan lórí pẹ́nárítì. Èmi kò sì sí lára àwọn tó ń ní kí a pa àkàsórí rẹ́. Ìlọrin la wà. Ọmọ tó ti fi ọdún púpọ̀ ka wàláà nílé kéwú mọ iyì ohun tí a bá há sórí, tábìlì ìlọ́po kò sì yẹ ní ohun tí a ń ṣèwádìí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì láàrin táàmù, tó lọ jinlẹ̀, ti tó láti kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè. Ìyókù, kí wọ́n kọ ọ́ sí pátákó.

Ohun kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Fate ṣe, bí àyè bá tilẹ̀ há. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti pọ̀ lójú títì, àwọn ọmọ sì mọ nọ́ńbà inú rẹ̀ ju ohun tí a rò lọ. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà mẹ́ta fún ìdíje kan: ti onílé, ti ọ̀mì, ti àlejò. Ká sọ pé 2.00, 3.20 àti 3.60 ni. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pín 100. Àkọ́kọ́ á jẹ́ 50, èkejì 31.25, ẹ̀kẹta á tó 27.8. Bí ilé tẹ́tẹ́ kò bá fẹ́ jèrè, ó yẹ kí àròpọ̀ wọn jẹ́ 100. Ó lé ní 109. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ ní wọ́n ṣì í ṣe. Wọ́n á mú ìwé mìíràn tí wọ́n ti sọ nù, wọ́n á ṣe tirẹ̀, yóò tún lé. Wọ́n á wá èyí tó dín sí 100 títí, wọn kò ní rí i. Nígbà tó bá yá, ọ̀kan nínú wọn á bèèrè ẹni tó ń gba èyí tó lé yẹn, kíláàsì náà á sì jiyàn lórí rẹ̀ dé ìta, títí dé ìdí ọkọ̀.